Àmì Pọ́n-ùn Nínú Ìwé Ìdánwò Ìṣirò

Ohun kan wà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìn mí fún mọ́. Àmì ìṣirò ni.

Ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, bí tíṣà bá gbé ìbéèrè ìdánwò wá sí ṣọ́ọ̀bù pé ká bá òun tẹ̀ ẹ́, àlàfo ni àwọn tó ń tẹ̀wé máa ń fi sílẹ̀ níbi tí àmì bá wà. Tíṣà fúnra rẹ̀ ni yóò fi bíró dí àwọn àlàfo náà lórí ìwé àkọ́kọ́, kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí ìwé ìdánwò tí lẹ́tà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tí àwọn àmì inú rẹ̀ wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún bí ìgbà tí adìyẹ tẹ yẹ̀pẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Èmi ni mo ní n kò ní í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé bí gbogbo ayé bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, èmi á béèrè ohun tí ọwọ́ òsì ṣe. Kò parọ́ mọ́ mi.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kan lọ, iwájú ilé ìyá mi náà ni. Kí n tó ṣí i, Liverpool Road ní Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Ìwé kọ̀nténà ni mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá mi ní kí n máa po tíì fún àwọn àlejò pẹ̀lú. Mo ní iṣẹ́ ìwé ni mo bá wọn dé, n kò bá wọn dé ti tíì. Ẹnu yẹn ló gbé mi délé. Kí n má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ó ṣe èèyàn: kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan tó wà nílẹ̀ lọ́fíìsì ló fi dágbére fún mi, tòun ti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìlú Òyìnbó ni kíbọ́ọ̀dù náà ti wá. Lórí nọ́ńbà mẹ́ta, níbi tí ti àwọn ẹlòmíràn ti ní àmì mìíràn, àmì owó pọ́n-ùn ló wà lórí tèmi.

Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga kan ló wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, òun ló sì kọ́ mi ní ọ̀nà tó tọ́ láti fi àmì ìṣirò sínú ìwé. Àtẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó kún fún oríṣiríṣi àmì. Èèyàn á ṣí i, á wá èyí tó fẹ́, á sì fi sí àyè rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, báyìí ni kẹ́ ẹ máa ṣe é o, kò ní fún yín ní wàhálà tó bá yá." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sú mi. Àmì inú àtẹ yẹn pọ̀ jù, kí n tó rí ọ̀kan, ojú mi á ti máa ro mí.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣèèṣì rí ọ̀nà àbùjá. Irú lẹ́tà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Symbol. Bí èèyàn bá tẹ àmì pọ́n-ùn, tó wá sọ ọ́ di lẹ́tà Symbol, pọ́n-ùn yẹn á yí padà lójú rẹ̀, á di àmì tí àwọn oníṣirò ń lò fún "ó kéré sí i tàbí kó bá a dọ́gba", ìyẹn ≤, ẹnu tó là sí apá ọ̀tún tí ìlà kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó he owó lójú títì. Láti ọjọ́ náà, mo kàn máa ń tẹ pọ́n-ùn, màá blọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn ni pé màá fi máòsì kùn ún, màá yí i sí Symbol, ó ti parí. Ohun tí n kò rò ni pé kọ̀ǹpútà kò fìgbà kankan gbàgbé pé pọ́n-ùn ni mo tẹ̀. Aṣọ lásán ni mo wọ̀ fún un.

Òkìkí mi kàn. Àwọn tíṣà ń sọ fún ara wọn pé kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ Àǹtí tó ń tẹ àmì. Ilé-ìwé mẹ́rin ló ń gbé iṣẹ́ wá. Mo ní kí oníkíkùn pátákó kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù: A ń tẹ àmì ìṣirò níbí, kò sí bíró. Tí mo bá rántí pátákó yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fi ọwọ́ bo ojú mi.

Láàrin àwọn tó ń wá, ẹnìkan wà tí n kò lè pè ní nǹkan mìíràn ju Tíṣà lọ, nítorí àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní ìṣirò nígbà tí mo wọ girama. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé-ìwé aládàáni kan nítòsí Boundary ni wọ́n ti ń kọ́ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì kì í sì í tán létí ọwọ́ ẹ̀wù wọn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tó ń tẹ̀wé ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá ní, "Sà, ẹ ò bá ti tẹ̀ ẹ́ nítòsí ilé," wọ́n á ní, "Kí n wá gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì, nígbà tí ọmọ mi wà níbí?"

Ìtumọ̀ àmì yẹn gan-an, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n bi wá ní kíláàsì pé bí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Snake Island bá ní èèyàn mẹ́wàá ni òun lè gbé, mélòó la lè jẹ́ nínú ọkọ̀ náà? Ọ̀kan nínú wa ní mẹ́wàá, òmíràn ní mẹ́sàn-án, ẹnìkan ní òun nìkan ni òun fẹ́ wọ ọkọ̀ tòun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní gbogbo wa la gbà á. Wọ́n wá kọ àmì náà sí pátákó, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì lu ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ìlà yẹn ló gba ẹni kẹwàá láyè, ká má fi sílẹ̀ láé. N kò mọ ìṣirò títí mo fi jáde ní girama, àmọ́ n kò gbàgbé ìyẹn.

Lóòótọ́, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n díẹ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Bí wọ́n bá fa ìlà, ìlà náà á ṣẹ́ kọ́ríkọ́rí. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ka ìwé wọn láti bí ọdún méjì, n kò ṣì wọ́n kà rí, ì báà ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo. Kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ìparí táàmù kẹta ni. Tíṣà gbé ìbéèrè ìṣirò wá, ìdánwò tí àwọn ọmọ fẹ́ fi bọ́ sí kíláàsì ìkẹyìn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ọ̀nà àbùjá mi fi gbogbo àmì sí i, mo pírńtì rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n yọ bíró pupa, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀. Ó tó wákàtí kan. Àṣà wọn nìyẹn, iṣẹ́ tí wọn kò bá kà kì í jáde. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, wọ́n dá ìwé náà padà fún mi pé kí n máa ṣe é ní fọ́tókọ́pì fún ilé-ìwé, wọ́n sì lọ. Gbogbo àmì inú rẹ̀ ló tọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Màdámù tó ni ilé-ìwé náà pè mí lórí fóònù, ó béèrè ojú ewé mélòó ni ìwé ìṣirò jẹ́. Mo ní ó wọ ojú ewé kejì díẹ̀, ìlà mẹ́ta péré.

"Háà, Àǹtí, ẹ bá mi fún un pọ̀ o," ni Màdámù wí. "Ojú kan ni mo fẹ́. Pépà ti wọ́n jù, àbẹ́g. Dírẹ́bà mi á wá gbé e tó bá di aago márùn-ún."

Wákàtí kan ló kù. Mo blọ́ọ̀kì gbogbo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo yí lẹ́tà rẹ̀ sí irú èyí tó tín-ín-rín, mo dín in kù. Ó wọ ojú kan bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà. Ìsàlẹ̀ nìkan ni mo wò, bóyá ìlà kankan ṣì yọ sílẹ̀. Kò yọ. Mo pírńtì, mo ṣe fọ́tókọ́pì, dírẹ́bà dé, ó kó o lọ.

N kò pe Tíṣà. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi sì mọ̀ pé wákàtí kan á tún lọ. Mo mọ̀ wọ́n. Torí náà ni n kò ṣe pè wọ́n.

Nígbà tí mo blọ́ọ̀kì gbogbo ìwé náà tí mo yí i, mo ti bọ́ aṣọ lára gbogbo pọ́n-ùn tí mo fi pamọ́ síbẹ̀. Níbi tó yẹ kó jẹ́ x ≤ 5, x £ 5 ló wà níbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin.

Kíláàsì méjì ni àwọn ọmọ ti ṣe ìdánwò náà láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Níbi tí Tíṣà wà, wọ́n rí i, wọ́n sáré kọ àmì tó tọ́ sí pátákó. Ní kíláàsì kejì, tíṣà sífíìkì ló ń ṣọ́ wọn, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ṣírò pọ́n-ùn márùn-ún sí náírà, ó tún kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lánàá ni òun lò. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, òbí kan ti ya àwòrán ìwé náà, ó ti jù ú sí gúrúùpù àwọn òbí lórí fóònù, ó béèrè bóyá máàtì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ni àbí ṣíṣẹ́ owó. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn kan ní táàmù tó ń bọ̀ àwọn á kó ọmọ àwọn kúrò. Màdámù pè mí pé kí n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì òun, kí n mú ìwé tí Tíṣà fọwọ́ kọ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wọlé, Tíṣà wà ní ìdúró níwájú tábìlì. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún àlejò. Màdámù ní kí n jókòó. Mo jókòó, Tíṣà sì wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Títí dòní, ara mi máa ń gbóná bí mo bá rántí àga yẹn.

Màdámù na ìwé ìdánwò sí mi. "Àǹtí, ẹ wò ó. Kí lèyí?"

Mo wò ó. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Pọ́n-ùn ni mo tẹ̀, pọ́n-ùn ni kọ̀ǹpútà dá padà fún mi. Inú ọ́fíìsì yẹn, èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tíṣà kò mọ̀ pé Màdámù pè mí lórí fóònù. Màdámù mọ̀ pé òun pè mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò rò pé ká kàn fún ìwé pọ̀ lè sọ ìṣirò di owó?

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ fún yín lẹ tàìpù yìí?" ni Màdámù béèrè.

Mo rántí pátákó mi. Mo rántí ilé-ìwé mẹ́rin.

"Ohun tí wọ́n kọ ni mo tẹ̀, mà," ni mo dáhùn. "Wọ́n sì kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i."

Màdámù yíjú sí Tíṣà. "Ṣé lóòótọ́ ni, sà? Ẹ kà á?"

"Mo kà á, mà," ni Tíṣà wí. "Mo fọwọ́ sí i."

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí irọ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí a sọ. Ohun tí wọ́n kọ ni mo tẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kà á lóòótọ́. Ìwé tí wọ́n kà wà nínú fáìlì ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá ti gbà pé mo yí i lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. N kò sọ ọ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé èèyàn lè fi òtítọ́ purọ́.

Bóyá ká ní ó dúró síbẹ̀, ǹ bá lè máa fojú wo ara mi nínú dígí. Màdámù mú ìwé tí Tíṣà fọwọ́ kọ, ó gbé e wò, ó bi mí bóyá mo lè kà á. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń béèrè ni. Ọwọ́ mi ló kù sí láti sọ pé mo lè kà á, torí mo ń kà á geere.

"Ó máa ń nira díẹ̀, mà," ni mo wí. "Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n."

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ọwọ́ wọn. Èmi ni mo mú un wá fúnra mi.

Tíṣà gba ìwé náà. Wọ́n mú un sún mọ́ ojú, wọ́n tún mú un jìnnà. Wọ́n wo àmì tí àwọn fúnra wọn kọ, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Bóyá bí mo ti ń kọ ọ́ nìyẹn tí mi ò mọ̀."

Màdámù kò pariwo mọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n máa lọ sinmi, ẹlòmíràn á bá wọn máàkì ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tí ilé-ìwé tún wọlé lẹ́yìn ìsinmi, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ẹlòmíràn ló dúró níwájú kíláàsì wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọ́fíìsì yẹn, mo yọ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nínú fáìlì. Mo fẹ́ ya á, ọwọ́ mi kò gbà. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, mo kó pépà mìíràn lé e lórí. Mo pe oníkíkùn pátákó kó wá pa ọ̀rọ̀ àmì yẹn rẹ́. Nígbà tí ìyá mi béèrè pé ṣé Tíṣà kò wá mọ́ ni, mo ní wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ìyá mi ní, "Wọn ò sì dágbére fún ẹ?" Bí n bá fẹ́ lọ sí ọjà, mo máa ń gba ọ̀nà tó jìn, kí n má baà kọjá lójúde wọn.

Ó tó oṣù mẹ́jọ. Ìyẹ̀fun dúdú tí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì mi fi ń tẹ̀wé tán, mo lọ rà á ní Àpápá. Liverpool Road ni mo gbà, ní ẹ̀gbẹ́ àgbàlá kan tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń dúró sí kí wọ́n tó wọ wọ́ọ̀fù. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì, ìwé ńlá kan wà lórí itan rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dé, bàbá kan tó wọ ẹ̀wù àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tàn yanran á dìde, á lọ síwájú ọkọ̀ náà, á pe nọ́ńbà rẹ̀ sókè, obìnrin náà á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Bí wọ́n ti ń pe nọ́ńbà ní kíláàsì gan-an nìyẹn, tí wọ́n á fa òdo gùn.

Mo yí padà kí n máa lọ. Mo ń sá fún ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin tí kò lé mi.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Tíṣà pè. "Ṣé o fẹ́ kọjá lára mi ni?"

Mo padà, mo kúnlẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n sì yíjú sí obìnrin tó ń kọ̀wé náà. "Ọmọ mi nìyí. Kò sẹ́ni tó mọ àmì ìṣirò tẹ̀ bíi tiẹ̀ ní gbogbo Ajégúnlẹ̀."

"Ẹ bá mi bẹ Bàbá o," ni obìnrin náà sọ fún mi. "Kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà yìí fúnra wọn. Tíṣà ńlá, dem no gree touch biro. Èmi tí mo ka prámárì lásán ni mò ń kọ ọ́ fún wọn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, bí àwọn bá kọ nọ́ńbà ọkọ̀ kan lódì, ẹjọ́ ni fún onímọ́tò. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ló ń kọ lẹ́tà sí ọmọ àwọn báyìí, àwọn kàn ń sọ fún un ni. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Má bínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Díẹ̀ ló kù kí n ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Mo ti ń rò ó pé kí n wá sí ṣọ́ọ̀bù wá bẹ̀ ẹ́, ojú ló ń tì mí."

Ojú ń tì wọ́n. Èmi tí ojú ìbá tì, mo ti ń gba ọ̀nà tó jìn lọ sí ọjà láti oṣù mẹ́jọ, torí mo rò pé wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi, wọ́n sì fi gba bíró kúrò lọ́wọ́ ara wọn. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ wọn nìkan ni mo ba jẹ́.

N kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ọwọ́ yín kọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti àmì pọ́n-ùn, ti ọ̀nà àbùjá mi, ti fóònù Màdámù, ti bí mo ṣe blọ́ọ̀kì ìwé náà tí n kò wò ó. Wọ́n gbọ́ ọ bí wọ́n ti máa ń gbọ́ ọmọ tó ń ṣàlàyé bó ṣe rí ìdáhùn rẹ̀, wọn ò dá mi dúró.

"Ìwé tí mo fọwọ́ sí," ni wọ́n béèrè, "àmì tó tọ́ ló wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Nígbà tá a wà ní ọ́fíìsì, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, sà."

Ọkọ̀ ń fun fèrè lójú títì. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú, wọ́n ń wò ó.

"Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń ṣọ́ ọwọ́ yìí," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ṣé o ti sọ fún Màdámù?"

"Rárá, sà."

"Kí wá ni kí èmi fi ṣe, tó o wá ń sọ fún mi?"

Ọkọ̀ epo kan ti yà sẹ́nu géètì. Tíṣà gba ìwé ńlá náà lórí itan obìnrin yẹn, wọ́n gba bíró, wọ́n lọ síwájú ọkọ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn. Obìnrin náà ń wò wọ́n, ó ń wò mí. Ọkọ̀ mìíràn dé, wọ́n tún kọ tiẹ̀. Wọn ò wo ibi tí mo kúnlẹ̀ sí mọ́. Nígbà tó yá, mo dìde.

N kò ra ìyẹ̀fun mọ́. Mo gba ilé lọ, mo yọ ìwé náà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, mo gbé e lọ bá Màdámù lọ́jọ́ náà gan-an. Mo gbé ìwé méjèèjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, èyí tó tọ́ àti èyí tí mo bà jẹ́. Mo tún sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ní tòótọ́, sísọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kò rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá sọ pé ẹni tó jẹ́wọ́ a máa fúyẹ́, kí wọ́n yọ tèmi sílẹ̀. Màdámù wo ìwé, ó wò mí.

"Ìwọ obìnrin yìí," ni ó wí, "o jẹ́ kí n lé àgbàlagbà." Ó mú fóònù, ó pe Tíṣà, ó gbé ohùn síta kí èmi náà lè gbọ́ bí òun ṣe ń bẹ̀bẹ̀.

Ó bẹ̀ wọ́n gidi. Ó ní òun ti rí ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá, kì í ṣe lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kíláàsì wọn ń dúró dè wọ́n, òun fúnra òun á sì sọ ọ́ fún àwọn òbí.

"Ẹ ṣé, mà," ni ohùn Tíṣà wí láàrin ariwo ọkọ̀. "Màá wá."

Mo ti ń sunkún. Màdámù wò mí, ó ní, "Ẹni tó ń bá wa tàìpù wà níbí, sà. Ṣé kí n fún un ní fóònù, kó bẹ̀ yín?"

"Rárá, mà," ni wọ́n wí. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n sọ òtítọ́. Ẹ ní mo kí wọn."

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Tíṣà ti ń pè mí ní ọmọ wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi 'wọn' bọ̀wọ̀ fún mi, bí àlejò.